Ọkọ mi yè nínú ibà Lásà, ṣé ó ṣì lè kó o ràn wá?

Ìbéèrè tó wọlé rè é, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ káàsán mà. Adátán níbí ni mò ń gbé ní Abẹ́òkúta. Ọkọ mi máa ń lọ ra gaàrí àti èlùbọ́ lápá Ọ̀wọ̀, á kó o wá sí Láfẹ́ńwá. Ìgbà tó lọ gbẹ̀yìn ni ibà Lásà mú un, wọ́n dá a dúró sí ọsíbítù lọ́hùn-ún, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rè é tó ti délé. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti mọ́, ó tún wá ní ká máa lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù fún oṣù mẹ́ta. Tó bá ti mọ́, kí la tún ń lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù sí? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n kó àwọn ìbejì lọ sọ́dọ̀ òun, ìyàwó láńlọ́ọ̀dù ní kó má wọ balùwẹ̀ tí gbogbo wa jọ ń lò mọ́, èmi náà ti ya abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀. Etí ẹ̀ òsì ò gbọ́ràn mọ́, irun ẹ̀ ń já, wọ́n ní àmì pé àrùn náà ṣì ń jà nínú ẹ̀ nìyẹn. Mo tún gbọ́ fóòsì nóòtù kan lórí WhatsApp tó ní Lásà ò kì í kúrò lára ọkùnrin títí láé, pé bí HIV ló ṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọkọ mi ṣì ní Lásà ni àbí kò ní in?" Ìyá Ìbejì ló fi ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Ẹ kú ewu ọkọ, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ méjì tó jọ pé ó ń ta ko ara wọn ni wọ́n jù sí yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pé ó ti mọ́, àti pé kẹ́ ẹ ṣọ́ra, kò wá sẹ́ni tó jókòó tì yín láti ṣàlàyé bí méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́. Òótọ́ ni méjèèjì. Ọkọ yín ò ní Lásà mọ́ bí ẹni tó ń ṣàìsàn ṣe ń ní in, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ máa sá fún lórí àga tàbí nídìí oúnjẹ. Àmọ́ ibì kan wà lára ọkùnrin tí fáírọ́ọ̀sì yìí lè fara pamọ́ sí fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ara ti yá, ibẹ̀ yẹn ni dókítà ní lọ́kàn tó fi dárúkọ kọ́ńdọ̀ọ̀mù. Kò burú pé ẹ̀rù ń bà yín, ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rù náà sí ló ṣì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ní èèyàn ti mọ́ lọ́wọ́ Lásà, tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní PCR ni wọ́n fi wo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tí wọn ò rí fáírọ́ọ̀sì náà níbẹ̀ mọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ní kó máa lọ sílé. Inú ẹ̀jẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń gbà dé ẹ̀dọ̀, dé kíndìnrín, dé ibi gbogbo, tí ojú ẹlòmíì á wú, tí ẹ̀jẹ̀ á máa yọ lẹ́nu tàbí nímú. Tí ara bá borí ẹ̀, tí Ribavirin, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú Lásà, sì ràn án lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun ara á gbá inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe máa ń lé eku nínú ilé. Ẹ máa gbá pálọ̀, ẹ máa yí bẹ́ẹ̀dì kúrò láyè ẹ̀, ẹ máa fi igi ro abẹ́ àga, àmọ́ tó bá kan kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ kó àwo tánganran sí, ẹ ò ní ja igi wọ ibẹ̀, torí kí àwo tó fọ́ tán ẹ lè má tíì rí eku pa. Bí ara náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Inú kórópọ̀n ọkùnrin, inú ẹyinjú, inú ọpọlọ, ibi ẹlẹgẹ́ ni gbogbo wọn, Ọlọ́run ti dá a pé kí àwọn ọmọ ogun ara má máa ja ìjà àjàkú akátá níbẹ̀ kí wọ́n má baà ba nǹkan jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì tó bá ti rọ́nà wọ ibẹ̀ nígbà tí àìsàn ń gbóná lọ́wọ́ lè pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ilé tó kù ti mọ́, nígbà tí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ò sì ní lè fi í hàn rárá.

Ébólà ló jẹ́ kí aráyé mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ ò ní gbàgbé ọdún 2014, nígbà tí Patrick Sawyer gbé e láti Làìbéríà wọ Èkó ní July, èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tó dá Sawyer dúró sí ọsíbítù pé kò gbọdọ̀ jáde wà lára àwọn tó bá a lọ, ó sì di October 20 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé ó ti tán lọ́dọ̀ wa. Ní Guinea níbi tó ti jà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n rí ọkùnrin kan tó ti yè, tó ti ń rìn tó ń yan, tí fáírọ́ọ̀sì ṣì wà nínú àtọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn 500 ọjọ́, ipasẹ̀ ẹ̀ sì ni obìnrin kan ti kó o tó fi tún bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Ébólà tún yọjú ní Guinea kan náà ní 2021, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù, fáírọ́ọ̀sì ti àsìkò 2014 sí 2016 yẹn náà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá, ìyẹn ni pé ara ẹnì kan tó yè ló ti fara pamọ́ fún bí ọdún márùn-ún. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan tún wà, Ian Crozier, Sierra Leone ló ti kó Ébólà ní 2014, wọ́n tọ́jú ẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fi mọ́, lẹ́yìn oṣù bíi méjì ojú ẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, àwọ̀ ẹyinjú náà kúrò ní búlúù ó di àwọ̀ ewé. Wọ́n fa omi inú ẹyinjú yẹn, fáírọ́ọ̀sì kún inú ẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú ìtàn yìí rè é o, omijé ẹ̀ àti ojú ìta ẹyinjú ẹ̀, wọ́n wò ó, kò sí fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹni tó bá gbá a lọ́wọ́ tàbí tó bá a jẹun ò kó nǹkan kan. Pé nǹkan wà nínú kòrò ò sọ pé ó wà lójú ọ̀nà.

Àmọ́ Lásà kì í ṣe Ébólà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nọ́ńbà ti Ébólà wá dẹ́rù bà yín. Èyí tó wà lákọsílẹ̀ fún Lásà ni pé ó lè máa bá ìtọ̀ jáde láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dé mẹ́sàn-án sígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ó sì lè wà nínú àtọ̀ fún oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà àwọn dókítà ní Irrua, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí wọ́n ń tẹ̀lé àwọn tó yè lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ sílé, rí àwọn ọkùnrin kan tó kọjá oṣù mẹ́ta yẹn lára wọn. Nípa ìbálòpọ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹnì kan kó Lásà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò wọ́pọ̀ rárá tẹ́ ẹ bá fi wé iye àwọn tó ń kó o lára eku. Ohun kan tún wà tí wọn ò kì í sọ fáráàlú. PCR ń wá àjákù fáírọ́ọ̀sì ni, kò lè sọ bóyá ó ṣì wà láàyè. Tẹ́ ẹ bá bá ìyẹ́ adìẹ nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ mọ̀ pé adìẹ débẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè fi ìyẹ́ nìkan mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè tàbí wọ́n ti sè é jẹ láti àná. Nítorí náà tí wọ́n bá yẹ àtọ̀ ọkùnrin wò tí wọ́n ní "ó ṣì wà", ó lè jẹ́ òkú ẹ̀ ni wọ́n rí. A kàn ń ṣe bíi pé ó wà láàyè ni, torí ẹ̀mí èèyàn ni.

Ti fóòsì nóòtù yẹn, irọ́ ni, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tó fi jẹ́ irọ́. HIV máa ń wọnú àwọn ohun tó ń darí ara láti inú, á di ara ẹni náà, ìdí tí wọ́n fi ń lo oògùn ẹ̀ títí lọ nìyẹn. Lásà ò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń sá pamọ́ fúngbà díẹ̀ ni, ara sì máa ń rí i lé jáde bó pẹ́ bó yá. Ẹ rántí 2014 tí fóònù gbogbo wa ń dún lóru pé ká yáa dìde fi omi iyọ̀ wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ká mu ún pẹ̀lú, Ébólà ò ní mú wa. Omi iyọ̀ yẹn pa èèyàn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà lèyí tẹ́ ẹ gbọ́, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè balẹ̀ dáadáa kó máà mọ nǹkan tó ń sọ.

Ó wá kù sí inú ilé yín. Abọ́ tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀, kò pọn dandan. Fífọ̀ tẹ́ ẹ ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. Lásà ò lágbára lójú ọṣẹ, iná tàbí Hypo. Àwọn ìbejì lè gun ẹsẹ̀ bàbá wọn, wọ́n lè sùn tì í, òógùn ara ẹ̀ ò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ti balùwẹ̀ rèé: wíwẹ̀ ò léwu fún ẹnikẹ́ni nínú kọ́ńpáùn, ìtọ̀ ni ká ṣì kíyè sí díẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó má tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀. Kó máa tọ̀ sí ilé ìgbẹ́ dípò ilẹ̀ balùwẹ̀, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wa ló ń tọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀, kó fi omi dà á dáadáa, kó fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kẹ́ ẹ máa fi Hypo tí ẹ bu omi là fọ ibẹ̀ lóòrèkóòrè títí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn fi máa pé. Tó bá ṣèèṣì fi abẹ géra, ẹ̀yin náà ẹ má fọwọ́ lásán nu ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò kan Lásà nìkan, bó ṣe yẹ ká máa ṣe sí ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn ni.

Ọ̀rọ̀ yàrá ló kù, mi ò ní tijú sọ ọ́ torí òun gan-an ni kókó. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè yẹra fún ìbálòpọ̀ fúngbà díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù lọ́jọ́ gbogbo láìfo ọjọ́ kankan. "Màá tètè fà á jáde" ò sí nínú ẹ̀. Dókítà yín ní oṣù mẹ́ta, kò ṣì, iye tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà, ìdí méjì ló sì mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn ọkùnrin tí mo sọ pé tiwọn kọjá oṣù mẹ́ta. Ìkejì, tó bá jẹ́ Ribavirin ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀, ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tán lára, ìkìlọ̀ tó bá oògùn náà wá ni pé kí ọkùnrin tó lò ó má fún ìyàwó ẹ̀ lóyún títí oṣù mẹ́fà á fi kọjá lẹ́yìn tó lò ó tán. Mi ò rí fáìlì ọkọ yín o, nítorí náà ẹ bi wọ́n ní Ọ̀wọ̀ bóyá Ribavirin wà lára ohun tí wọ́n fún un, àti ọjọ́ tí wọ́n fún un gbẹ̀yìn. Tó bá ní ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè bá yín yẹ àtọ̀ ẹ̀ wò, gbogbo ibi kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, béèrè ò sì náwó. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù tẹ́ ẹ bá lò, ẹ wé e sínú bébà kẹ́ ẹ jù ú sí ṣáláńgá, ẹ má jẹ́ kó wà níbi tọ́wọ́ ọmọdé á tó o, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ láàárín yín láìsí kọ́ńdọ̀ọ̀mù kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí mi, ẹ má dáyà já, ẹ kan máa ṣọ́ ara yín fún ọjọ́ 21, tí ibà bá mú yín láàárín ẹ̀ ẹ lọ sí ọsíbítù kẹ́ ẹ sì la ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Tẹ́ ẹ bá wá fura pé oyún ti wà níkùn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má dúró wo ibà, torí Lásà kì í ṣàánú aboyún, tó bá mú obìnrin lóṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìyá tàbí ọmọ máa ń bá a lọ. Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá Ìbejì náà ṣe pàtàkì. Ẹ má sọ pé "o ṣì ní àrùn lára". Tó bá jẹ́ pé wọ́n fún un ní Ribavirin, ẹ sọ pé oògùn náà ò tíì jáde tán. Òótọ́ ni, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú á sì lè gbọ́ ọ láìbínú.

Ti etí ẹ̀ ló gbé mi lọ́kàn jù nínú gbogbo lẹ́tà yín, ìlà kan péré lẹ sì fi sọ ọ́. Àmì pé fáírọ́ọ̀sì ṣì ń jà kọ́ nìyẹn. Àpá ogun ni. Nínú èèyàn mẹ́rin tó bá yè nínú Lásà, ó máa ń kan etí ẹnì kan, yálà ó le lára ẹ̀ ni o tàbí kò le, etí kan tàbí méjèèjì. Ìdajì àwọn bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí ìgbọ́ràn díẹ̀ gbà padà láàárín oṣù kan sí mẹ́ta, ìdajì tó kù ò rí i gbà, mi ò ní tàn yín. Irun tó ń já ní tiẹ̀ á hù padà, ìyẹn ò yẹ kó gba oorun lójú yín. Tó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ tó bá ń rìn, òun náà wà lára ẹ̀, ó sì máa ń lọ. Ẹ mú un lọ rí dókítà etí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọsíbítù ìjọba tó wà ní Ìdí-Aba níbẹ̀, kí wọ́n wọn ìgbọ́ràn ẹ̀ nísinsìnyí kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ń padà tàbí kò padà. Kí ẹnikẹ́ni má ro epo gbígbóná tàbí oje ewé sí i. Ẹ máa jókòó sápá ọ̀tún ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún un tó bá ń sọdá títì ní Láfẹ́ńwá, torí mótò tó ń bọ̀ lápá òsì, kò ní tètè gbọ́ ọ.

Mo ti lé lógún ọdún nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan wà tí mi ò lè gbàgbé, Pańṣẹ́kẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Ó yè nínú Lásà, ó padà dé, àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ sá. Ó wá sí ọsíbítù tí mo wà nígbà náà nítorí etí, ẹni tó gba káàdì ẹ̀ ka "Lásà" lára ẹ̀, ló bá fi káàdì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kó dúró síta. Ó dúró láti àárọ̀ títí ọ̀sán, nígbà tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ó ti lọ, kò sì padà wá mọ́. Etí méjèèjì ló kú pátápátá. Bóyá dókítà ì bá rí nǹkan ṣe sí i, bóyá wọn ì bá má rí, a ò jẹ́ kó di mímọ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Torí náà tí ẹ̀gbọ́n yín bá ń ní kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ sá, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ohun tó ń ní kẹ́ ẹ ṣe máa dá ọkùnrin yẹn lóró láìdáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹ lè sọ ìtàn yìí fún òun àti ìyàwó láńlọ́ọ̀dù. Ní 1969, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí àìsàn yìí ní ìlú Lassa ní Borno tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Penny Pinneo, kó o, ó sì yè. Wọ́n gbé e lọ sí New York. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń yẹ fáírọ́ọ̀sì náà wò ní láàbù, Jordi Casals, tún kó o, ó kù díẹ̀ kó lọ. Omi ara ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó yè yẹn ni wọ́n fà sí i lára, ó sì yè. Ẹ̀jẹ̀ tí wọn ì bá máa sá fún ni wọ́n fi gba ẹ̀mí là.

Tí ẹ bá fẹ́ sá fún nǹkan, àpò gaàrí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọkọ yín ò mú Lásà jáde látinú ara ẹ̀, eku ló kó o ràn án, eku kékeré tó lọ́mú rẹpẹtẹ tó máa ń gbé inú ilé àti oko, tó máa ń tọ̀, tó máa ń yàgbẹ́ sórí oúnjẹ. Gaàrí àti èlùbọ́ tí wọ́n sá sí etí títì sílẹ̀, tí wọ́n kó jọ sí ṣọ́ọ̀bù tí eku ń sáré nínú ẹ̀ lóru, irú ẹ̀ ni bàbá Ìbejì ń ki ọwọ́ bọ̀ lójoojúmọ́. Òun fúnra ẹ̀ á ti ní ààbò díẹ̀ báyìí, ó ṣọ̀wọ́n kó tún mú ẹni tó ti mú rí. Ẹ̀yin àtàwọn ìbejì ò ní ààbò yẹn. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí Lásà bá wọ̀ lára, bíi mẹ́jọ ni kò ní mọ̀ rárá tàbí tó máa rò pé ibà lásán ni, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹni tí kò tíì dé ọsíbítù rí nínú kọ́ńpáùn yẹn ní fáírọ́ọ̀sì lára ju ọkọ yín tí gbogbo yín ń sá fún lọ. Ẹ kó gaàrí tiyín sínú ike tó ní ọmọrí tó le, ẹ dí ihò ara ògiri, ẹ má jẹ́ kí ìdọ̀tí wà lẹ́yìnkùlé, ẹ wá ológbò sílé tẹ́ ẹ bá lè sìn ín. Èyí tí eku bá ti jẹ lára ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ má gé ibi tó jẹ kúrò kẹ́ ẹ jẹ ìyókù. Ìgbẹ́ eku, ẹ má gbá a ní gbígbẹ kí eruku ẹ̀ má wọ yín nímú, ẹ kọ́kọ́ wọ́n Hypo olómi sí i. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń le jù.

Tí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín, tó sì ti lo oògùn ibà ọjọ́ méjì mẹ́ta tí kò lọ, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, tó ń bì, ẹ má jókòó sí kẹ́mísì, ẹ lọ sí ọsíbítù, ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ẹnì kan nínú ilé yín ti ní Lásà rí. Ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú, torí Ribavirin máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, 6232, wà fún irú ìbéèrè báyìí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà etí, ẹ mú ìwé tí wọ́n fún un ní Ọ̀wọ̀ dání, gbogbo ẹ̀, títí kan èyí tó ní orúkọ oògùn àti ọjọ́ lára, tí ẹnikẹ́ni bá fi káàdì ẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pe ọ̀gá nọ́ọ̀sì fún yín, ẹ má kúrò níbẹ̀.